Oòrùn Ọ̀sán Kò Kan Ọ̀rá Náà

Ahougnansou, Bouaké
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Ìtùnú, ọmọ Fatimah,

Mo kí ọ. Mo kí ẹsẹ̀ rẹ, mo kí ọwọ́ rẹ, mo kí òtútù tó ń bá ọ gbé ní Lyon. Èmi Sàfúrátù, ìyá tó bí ìyá rẹ, ni mò ń sọ̀rọ̀. Sọ̀fíyù tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa ló ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ tí a bí sí Bouaké, Faransé nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Ọdún kejì rèé tí Sọ̀fíyù ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, òun ló lè kọ Yorùbá, ìwọ tí o kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì lè kà á. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un.

Má bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́. Lórí fóònù, "bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà" lo máa ń sọ, kí n tó mí ẹ̀ẹ̀kan o ti lọ. Ìwé, wàá kà á dé ìsàlẹ̀. Sọ̀fíyù á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́.

Johnson tí o rán ti dé, ó sì gbé ẹrù rẹ wá. Òróró orúnkún ni mo ní kí o fi ránṣẹ́, ọ̀rá lo fi ránṣẹ́. Abala ọ̀rá méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì, ọ̀kan ní okùn pupa létí, èkejì ní okùn funfun, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà hàn. Johnson ní sólà ni. Mo ní irọ́ ni. Sólà tí àbúrò mi Kàsímù gbé sórí ilé rẹ̀ ní Marabadiassa, dígí ni, ọkùnrin méjì ló gbé e gun òrùlé. Èyí, bí atẹ́gùn bá fẹ́, Bodokro la ó ti lọ wá a.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ nípa ọkọ. Mo ti bi ọ́.

Kí la ó fi ọ̀rá yìí ṣe? Sọ ọ́ kó yé mi. N kò mọ̀wé ni, n kì í ṣe òmùgọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ lónìí nìyẹn.
Sàfúrátù.


Lyon
Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Ìyá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé Màmá mi ń jẹun? Ẹ má bínú nítorí òróró. Johnson ló ní ẹrù òun ti pọ̀ jù, mo wá mú èyí tó ká mi lára jù fún un.

Sólà ni lóòótọ́, Ìyá àgbà. Tiwa tí a ń ṣe níbi iṣẹ́ mi yàtọ̀ sí ti Bàbá Kàsímù. A máa ń yọ́ nǹkan méjì pọ̀ nínú omi kẹ́míkà, a ó wá kùn ún sórí ọ̀rá bí ẹni ń kun ọ̀dà. Ọ̀kan nínú wọn ló ń gba ìmọ́lẹ̀, èkejì ló ń gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí omi náà bá yára gbẹ, àwọn méjèèjì á dì mọ́ra wọn bó ṣe wù wọ́n, iná á sì há sáàárín, kò ní rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi èròjà kan kún un, díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Èròjà yẹn kì í tètè gbẹ. Ó ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì ráyè tò, kí kálukú wà láyè tirẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́. Èyí tí èmi ń lò tuntun ni, èmi ni mo wá a rí. Ọ̀rá olókùn pupa ní èròjà nínú, olókùn funfun kò ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa sá àwọn méjèèjì sí oòrùn lójoojúmọ́. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí Ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyù so wọ́n mọ́ àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ka nọ́ńbà, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Iye iná tó ń jáde ni nọ́ńbà yẹn. Abẹ́ àtùpà la ti ń dán an wò níbí. Oòrùn tòótọ́ ni mo fẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá ní ìlú yìí kí a má rí i.

Ní ti ọkọ, mo ti gbọ́.

Ọmọ yín tí ń rántí yín,
Ìtùnú.


Ahougnansou, Bouaké
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025

Ìtùnú,

Mo kí ọ. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ya. Ìyá rẹ ń wúkọ́, kò le. Òróró orúnkún kò tíì dé. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé n kò gbàgbé.

Ọ̀rá rẹ wà. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń fi gèlè àtijọ́ nu eruku kúrò lára rẹ̀ kí n tó sá a. Àwọn Jùlá tó yí wa ká ní ìyá Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ti ń sá ọ̀rá bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́. Mo ní kí wọ́n máa wò. Sọ̀fíyù ní kí n sọ pé pupa bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì wà ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Funfun bẹ̀rẹ̀ ní mọ́kànlélógójì, ó wà ní ogójì. Ó ní èyí dára. Mo ní kò kàn mí bóyá ó dára, kó ṣáà kọ ohun tó rí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ èròjà rẹ. Ó wá, ó bá àwọn méjèèjì tò, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ibo ló ń gbà lọ? Àlejò tó báni tún ilé ṣe, ó yẹ kó dágbére lọ́jọ́ kan. Ṣé tìrẹ ń lọ, àbí ó jókòó sínú ilé?

Dá mi lóhùn lórí èyí.
Sàfúrátù.


Lyon
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2025

Ìyá mi àgbà,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìròyìn tí mo fẹ́ mú wá ni mo ń dúró dè.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí ìbéèrè yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. A máa ń fi ẹ̀rọ fa èròjà jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń kù. Nínú tàwọn ẹlòmíràn, díẹ̀ tó kù yẹn ló máa ń ba ọ̀rá jẹ́ bí oòrùn bá rí i. Èmi sọ pé tèmi kì í ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá mi kò gbà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó gbà.

Mo kó nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún lọ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, oòrùn ọ̀sán gangan ti Bouaké nìyí, ẹ wò ó, mẹ́ta péré ló fi wálẹ̀." Ó wò ó títí. Ó ti kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, èmi ni n óò dúró sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń fún wa lówó iṣẹ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọn á fi ọdún méjì kún iṣẹ́ mi. Ẹ mọ̀ pé káàtì séjùù mi, ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́ kí n gbé ìlú wọn, oṣù kẹsàn-án ló máa kú. Bí iṣẹ́ bá wà, ìwé wà. Bí kò bá sí iṣẹ́, wọn á ní kí n máa lọ.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyù. Òróró yín wà lọ́wọ́ Adétọ́lá, yóò wálé lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹni tí ẹ gbé ga,
Ìtùnú.


Ahougnansou, Bouaké
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2025

Ìtùnú,

Mo kí ọ. Ààwẹ̀ ń lọ. Sọ̀fíyù ka ìwé rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó dúró níbi tí o ti ní "oòrùn ọ̀sán gangan ti Bouaké." Oòrùn ọ̀sán wo?

Oòrùn ọ̀sán kò kan ọ̀rá rẹ rí. Bí mo bá ti kírun àsùbá, tí oòrùn yọ, màá sá a. Ní ìyálẹ̀ta, tí ilẹ̀ ń gbóná, màá ká a, màá fi ìborùn wé e, màá gbé e sínú àpótí aṣọ mi. Bí mo bá kírun àlàásárì tán, màá tún gbé e síta. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ta aṣọ ní ọjà Bouaké. Gbogbo àwa aláṣọ, bí ìyálẹ̀ta bá ti ń lọ, ṣe là ń yí èyí tó wà lójú àtẹ padà, tàbí ká fi tapólì bò ó. Ẹni tó bá fi aṣọ gidi sílẹ̀ fún oòrùn ọ̀sán, yóò ṣá mọ́ ọn lọ́wọ́, oníbàárà á ní àlòkù ló ń tà. Ohun tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣé n kò ní tọ́jú rẹ̀ tó aṣọ ọjà ni?

O ní kí n sá a sí oòrùn lójoojúmọ́. Mo sá a lójoojúmọ́. O kò sọ pé kí n má ká a, èmi náà kò bèèrè. Àárọ̀ Jímọ̀ ni Sọ̀fíyù máa ń wá, ìta ló máa ń bá a, kò lè mọ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí, Sọ̀fíyù gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

Mo ní, "Kí lo jókòó síbí fún?"

Ìyá rẹ gbọ́ láti ilé ìdáná, ó jáde. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ta ló bi yín?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ó ní, "Ẹ̀yin àti ẹnu yín. Ọmọ yẹn ti fẹ́ rí jẹ."

Sọ̀fíyù ti kọ ìyẹn náà, mo ní kó kọ ọ́. Láti ọ̀la, àwọn ọ̀rá náà á wà níta láti àárọ̀ di alẹ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ.
Sàfúrátù.


Ahougnansou, Bouaké
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Ìtùnú,

Mo kí ọ, bí o bá wà láyé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, o kò fèsì. Ọjọ́ ìtùnú ààwẹ̀ la bí ọ, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún yìí ni ọjọ́ yẹn kọ́kọ́ kọjá tí a kò gbóhùn rẹ. Ìyá rẹ gbé abọ́ oúnjẹ tìrẹ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kò wò mí lójú títí a fi jẹun tán. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, Sọ̀fíyù ló ń rán.

Èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn ọ̀sán, pupa já sí méjìdínláàádọ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ọgbọ̀n. Àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣá lójú wa. Mo ní kí Sọ̀fíyù máa wá lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún tí wọ́n ti wà nínú oòrùn ọ̀sán, àpótí kò fi nǹkan kan hàn fún pupa mọ́. Ó kú. Funfun wà ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n títí di òní.

Èyí tó ń tàn jù ló kọ́kọ́ kú. N kò sọ ọ́ láti fi ọ́ ṣẹ̀sín. Adétọ́lá gbé òróró dé, mo dúpẹ́.

Kọ̀wé. Bó bá jẹ́ èébú lo fẹ́ kọ, kọ ọ́.
Sàfúrátù.


Lyon
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Ìyá mi àgbà,

Ẹ kú ìdúró dè mí. Mo ka ìwé yín méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Mo bínú sí yín, ohun tí kò jẹ́ kí n kọ̀wé nìyẹn. Mo bínú sí ìborùn yín, mo bínú sí àpótí aṣọ yín. Lẹ́yìn náà mo wá rí i pé èmi ni n kò sọ wákàtí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin. Ẹ̀yin, Màmá, Ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyù àti èmi nìkan la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá mi fẹ́ ìwé kan láti ọwọ́ ẹni tó ṣọ́ àwọn ọ̀rá náà, kó lè so ó mọ́ ìròyìn. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé ẹ sá wọn síta lójoojúmọ́ fún oṣù márùn-ún. Òótọ́ nìyẹn. Ẹ má fi wákàtí sí i. Bí wọ́n bá ti fún mi ní iṣẹ́, tí káàtì séjùù mi jáde ní oṣù kẹsàn-án, èmi fúnra mi ni n óò tún un dán wò, n óò sì sọ ohun tó kù. Oṣù mẹ́rin péré ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Ẹ̀yin tí wọ́n lé ní Gáná, ẹ mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n ní kí èèyàn kó ẹrù kúrò ní ìlú wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún mi.

Mo kúnlẹ̀.
Ìtùnú.


Ahougnansou, Bouaké
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Ìtùnú,

Mo kí ọ. Dìde lórí ìkúnlẹ̀.

O mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ Gáná, jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ fún ọ rí. Lọ́dún 1969, wọ́n ní àlejò tí kò bá ní ìwé kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kùmásì là ń gbé. Ọkùnrin kan ní òun á kọ ìwé fún wa pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá ìyá rẹ. Ọkọ mi kọ̀, èmi náà kọ̀. Aládùúgbò wa gba tirẹ̀, ó sì dúró. A di ẹrù, a lọ. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí, ọkùnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ibà mú un lójú ọ̀nà. Agnibilékrou, níbi tí a ti ré ibodè Gáná kọjá, la sin ín sí. Ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n, a kò tíì bí i.

Ká ní a gba ìwé yẹn ni, bóyá ọmọ náà ì bá wà láàyè. Bóyá kò ní wà. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń ro ó, n kò rí ìdáhùn. Nítorí náà, n kò ní sọ fún ọ pé òótọ́ ń san èrè. N kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n tìrẹ yìí, mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìwé ti Kùmásì, àwa nìkan ni ì bá kàn. Ọ̀rá rẹ, wọn á tà á. Ẹnì kan á rà á ní Marabadiassa nítorí wọ́n ní ọmọ wa ló ṣe é, ó sì lo oṣù márùn-ún nínú oòrùn Bouaké. Á gbé e sórí ilé. Òun kì í ṣe aláṣọ, kò ní ká a ní ìyálẹ̀ta. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, á jókòó sínú òkùnkùn, á sì máa pe orúkọ rẹ.

O ní oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án, wọn á bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ ní oṣù karùn-ún. Kí lo máa sọ?

Ìwé tí ọ̀gá rẹ ń bèèrè wà nísàlẹ̀ yìí. Sọ̀fíyù ni mo sọ ọ́ fún, ó tún un kà fún mi, mo tẹ̀ka sí i. Ọwọ́ rẹ ni mo fi sí. Bí o bá fẹ́, fún un. Bí o bá fẹ́, ya á. N kò ní kọ òmíràn.

"Èmi Sàfúrátù Oyèkàn, mo sá abala ọ̀rá méjì sí oòrùn fún oṣù márùn-ún, láti àárọ̀ di ìyálẹ̀ta, àti láti àlàásárì di ìrọ̀lẹ́. Inú àpótí aṣọ mi ni wọ́n wà lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà mo fi wọ́n síta láti àárọ̀ di alẹ́. Èyí tó ní èròjà kú lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Èyí tí kò ní kò kú."

Ìyá rẹ jókòó tì mí nígbà tí mo ń sọ èyí. Nígbà tí mo dárúkọ Agnibilékrou, ó dìde, ó bu omi wá fún mi.

Sàfúrátù.


Lyon
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Ìyá mi àgbà,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìwé yín fi wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ keje mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, mo gbé e fún ọ̀gá mi. Ó kà á. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí o gbé fún mi yìí?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n jáde ná. Wákàtí méjì ni mo fi dúró lọ́dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó pè mí padà, ó ti yọ ojú ìwé tó sọ nípa oòrùn Bouaké kúrò nínú ìròyìn.

Mo wá èyí tó fà á. Àtùpà tí a ń lò níbí kò ní irú ìtànṣán tó ń mú aṣọ ṣá, oòrùn ọ̀sán ló ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo yá àtùpà mìíràn tó ní in, mo fi ọ̀rá tuntun mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní èròjà kú lọ́jọ́ kọkànlélógún. Èròjà mi tó kù nínú wọn ni ìtànṣán yẹn fọ́, tí àfọ́kù rẹ̀ sì ń jẹ ohun tó wà láyìíká rẹ̀. Tèmi kò yàtọ̀ sí tàwọn yòókù.

Ní ọjọ́ kejìlá mo dúró níwájú wọn. Bí ó ṣe kú ni mo sọ. Ẹnì kan bèèrè ohun tó mú wa dán oòrùn àárọ̀ wò lọ́tọ̀, mo sì ṣàlàyé ọjà aṣọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún méjì tí mo ń retí ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi láti oṣù kẹsàn-án, kí n wá bí èròjà náà á ṣe jáde tán kí ọ̀rá tó rí oòrùn. Bí n kò bá rí i, oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni n óò kó ẹrù. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín.

A ń kọ ọ́ jáde báyìí, iye ọjọ́ tó lò àti ohun tó pa á. Ọ̀gá mi ní orúkọ ẹni tó ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó kọ "ìyá àgbà Ìtùnú" síbẹ̀. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?

Ọmọ yín,
Ìtùnú.


Ahougnansou, Bouaké
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Ìtùnú,

Mo kí ọ. Mo kí àyà rẹ.

Ó dára kí ẹ̀rù máa bà ọ́, oṣù mẹ́fà kò pọ̀. Ṣe iṣẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, máa bọ̀, yàrá wà, ìyá rẹ ti ń gbá a láìjẹ́ pé mo rán an. Kì í ṣe pé mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n lé ọ.

Àwọn ará àdúgbò bi mí pé ọ̀rá ọmọ mi dà. Mo ní ó ti kú. Àwáàlù tó ń ta taya lódìkejì títì ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò tijú láti máa sọ ọ́ báyìí?" Mo ní, "Ìwọ tó ń ta taya, o ti sọ iye ọjọ́ tí taya rẹ máa lò fún ẹnì kan rí?" Ó lọ jókòó.

N kò gba orúkọ tí ọ̀gá rẹ kọ. N kì í ṣe ìyá àgbà àwọn ará Lyon. Kọ Sàfúrátù Oyèkàn síbẹ̀, kí o sì kọ Sọ̀fíyù, òun ló ka nọ́ńbà. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi ni kí o kọ ọjọ́ mẹ́tàlélógún sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn rẹ̀, kó wá bi mí.

Sàfúrátù.